Òṣogbo, Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Okùn Tó So Ìtàn Wa Pọ̀



Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán lórí fóònù wa. Ẹnì kan á ní Ìjẹ̀ṣà ló tẹ Òṣogbo dó. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo, ṣé kì í ṣe ohùn Ọ̀yọ́ nìyẹn? Ẹnì kẹta á wá bi wá pé ṣé Yorùbá tiẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà tẹ́lẹ̀, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ wá di Yorùbá ni? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di èébú. Èrò tèmi ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Okùn tí a ó fi so àwọn òótọ́ náà pọ̀ ni a kò wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo. Ohun tí àwọn ará Òṣogbo ń sọ fún ọmọ wọn ni pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé nítorí àìtó omi, wọ́n sì dé etí odò Ọ̀ṣun. Igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni májẹ̀mú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín odò àti ọba ìlú, ìyẹn Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ìpólé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wà nínú àwọn ibùdó tí àwọn Ọwá ti gbé lẹ́yìn Ìbòkun, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ sí Iléṣà. Ẹni tó bá ní ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n gbà débẹ̀, kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀ èèyàn sá wá sí Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti ìlú náà, Ìbàdàn ló wá gbà á sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni Òṣogbo ti bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn, ohùn Ọ̀yọ́ sì borí láàárín ìlú. Ẹni tó bá ní ọmọ Ọ̀yọ́ ló kún ibẹ̀, òun náà kò purọ́.

Ibi tó ti wá dun wá nìyí. Ìbàdàn kan náà tó gba Òṣogbo là ló kó Iléṣà ní ọdún 1870. Olùgbàlà ni Ìbàdàn nínú ìtàn wọn, ọ̀tá ni nínú tiwa. Ṣé ká wá pa ọ̀kan rẹ́ kí èkejì lè dùn ún kà? Rárá o. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó so wọ́n pọ̀: Ìbàdàn ń wá ilẹ̀ tí yóò jọba lé lórí. Ohun tó gbé e lọ sí Òṣogbo náà ló gbé e dé Iléṣà. Ìtàn ti so mọ́ra nìyẹn, a kò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì para pọ̀ láti gba ara wọn lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ìyẹn ni ogun Kírìjí, tí Ògèdèǹgbé wa ṣe olórí ogun níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ìparapọ̀ náà, Èkìtìparapọ̀, tó ohun tí à ń ronú sí. Ìjẹ̀ṣà kò di Èkìtì, Èkìtì kò di Ìjẹ̀ṣà, síbẹ̀ wọ́n jọ ja ogun kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, wọ́n fi ìlú mẹ́rin sílẹ̀ fún Ìbàdàn: Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Igbájọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá Èkìtìparapọ̀ lọ kó máa lọ. Ẹ rí i pé àwọn àgbà ìgbà náà mọ̀ pé ilẹ̀ lè wà níbì kan kí ọkàn èèyàn sì wà níbòmíràn. Lónìí, àtìlú mẹ́rin náà, àtÒṣogbo, àtIléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni gbogbo wa wà láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1991.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ẹnì kẹta lóhùn. Láyé ijọ́un, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè ní Yorùbá. Ìjẹ̀ṣà la ń pe ara wa. Ìwé kíkọ wà lára ohun tó mú kí orúkọ náà kárí gbogbo wa. Ní 1875, àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ní 1884, odindi Bíbélì jáde. Àwọn àgbà wa tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, kọ́ láti máa ka "ilé" àti "iṣu". Èrè wà níbẹ̀: lẹ́tà tí ọmọ Iléṣà bá kọ, ọmọ Òṣogbo àti ọmọ Abẹ́òkúta á kà á yé. Àdánù wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé àṣìṣe ni "ulé".

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn. Àlùfáà Samuel Johnson, tó wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ sí ibùdó ogun Kírìjí, parí ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un tò, ó sì jáde ní 1921. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tó lè kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni okùn tó fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wò wá. Inú ìwé yẹn náà ni a ti kà á pé "ìjẹ òrìṣà", oúnjẹ òrìṣà, ni orúkọ Ìjẹ̀ṣà túmọ̀ sí. Ẹ ò rí nǹkan! Bí èèyàn kò bá so ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn á bá a so ó, ibi tó bá sì wu onítọ̀hún ló máa ta kókó sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ṣì ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, pẹ̀lú ulé, pẹ̀lú uṣu. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, agboolé rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí agboolé kejì bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ má bínú, ẹ má sì pa á rẹ́. Ẹ kọ tiwọn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá bi ara yín pé kí ló fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Bí ìjà Òṣogbo bá tún bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ẹ rántí pé Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Kò dé Òṣogbo tán kó sọ pé òun kò mọ ibi tí òun ti ń bọ̀, àwọn ará Ìgèdè kò sì lè ní kó padà wálé.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á tura o. Ire o.