Ẹmọ́ Òyìnbó Aláìnírun: Láti Yàrá Ìwádìí Dé Inú Ilé

Ẹmọ́ òyìnbó aláìnírun ni irú guinea pig tí awọ ara rẹ̀ wà ní ìhòòhò, àfi irun táṣẹ́rẹ́ tó máa ń wà lórí imú àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ rí kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀, awọ rẹ̀ sì hunjọ lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan tó ń sìn ín fi ń pè é ní erinmi inú ilé. Ẹran tuntun ni. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Kánádà, nínú yàrá ìwádìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìídì wá a. Ṣùgbọ́n ìran tó ti jáde ti pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn.

Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí Peru, Bolivia àti Ecuador wà lónìí, ni orírun ẹmọ́ òyìnbó. Ó ti tó nǹkan bí 7000 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti mú un láti inú igbó wálé. Ẹran ọbẹ̀ ló jẹ́ fún wọn. Ilé ìdáná ló ń gbé, èèpo ewébẹ̀ ló ń jẹ, bí àlejò pàtàkì bá sì dé tàbí tí ọjọ́ ọdún bá kò, wọ́n á pa á. Àwọn oníṣègùn wọn náà ń lò ó: wọ́n á fi ẹmọ́ òyìnbó ra ara aláìsàn, wọ́n á sì la inú rẹ̀ láti wo ibi tí àrùn fara pamọ́ sí. Àwọn Moche, tó gbé etí òkun Peru kí àwọn Inca tó dé, fi amọ̀ mọ ère rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ ní Peru títí di òní. Ní Benin àti Togo pàápàá, àwọn agbo ilé kan wà tó ń sìn ín, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló sì ń bá lọ.

Àwọn ará Spéìnì tó ṣẹ́gun àwọn Inca ló ṣí ọ̀nà fún un láti dé Yúróòpù ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Ní 1554, Conrad Gessner, onímọ̀ ará Switzerland, ti kọ nípa rẹ̀. Àwòrán kan tí wọ́n kùn ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí 1580 fi ọmọ mẹ́ta hàn nínú aṣọ olówó ńlá, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ẹmọ́ òyìnbó dání. Ohun tí wọ́n ń sun jẹ lórí òkè Andes ti di ohun ìṣeré ọmọ ọlọ́lá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà á. Ní àwọn ọdún 1780, Antoine Lavoisier fi ẹmọ́ òyìnbó wọn ooru tí ẹ̀dá abẹ̀mí ń mú jáde. Robert Koch lò ó nígbà tó ń wá kòkòrò tó ń fa ikọ́ fée, tó sì kéde rẹ̀ ní 1882. Ní 1907, Holst àti Frølich ní Norway ṣàwárí pé ó máa ń ní àrùn scurvy, èyí tó ń mú kí èrìgì ṣẹ̀jẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn, kò lè dá fítámì C ṣe. Ní 1926, Dunkin àti Hartley ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìran kan tó wà fún ìwádìí nìkan. Ìran Hartley yìí tàn ká àwọn yàrá ìwádìí lágbàáyé.

Inú ìran Hartley yìí gan-an ni aláìnírun ti yọ. Ilé ìwádìí Armand-Frappier, lẹ́bàá Montreal, jẹ orúkọ onímọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ fée. Ní 1978, wọ́n rí àwọn ọmọ tí kò nírun láàárín ẹmọ́ òyìnbó Hartley tí wọ́n ń sìn níbẹ̀. Àbùdá kan ló ṣàdédé yí padà. Ní ibòmíràn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ì bá kú sínú òtútù, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí mọ ohun tó wúlò. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dán oògùn wò lára ẹmọ́ òyìnbó ní láti fá irun rẹ̀, abẹ sì lè ba awọ jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Eku aláìnírun ti wà tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó gbajúmọ̀ jù kò ní thymus, ẹ̀yà inú àyà tó ń ran ara lọ́wọ́ láti gbógun ti àrùn. Ti Montreal yìí ní in, ara rẹ̀ sì lè jagun. Ní 1982, ilé iṣẹ́ Charles River, tó ń pèsè ẹranko fún ìwádìí, gba díẹ̀ nínú wọn láti máa mú kí wọ́n bí sí i fún iṣẹ́ lórí awọ ara.

Bí wọ́n ṣe ti ibẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń sin ẹran fún ìgbádùn kò le. Àbùdá àìnírun yìí máa ń fara pamọ́: ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá kí ara rẹ̀ tó lè wà ní ìhòòhò. Nítorí náà, àwọn olùsìn fi aláìnírun gun onírun kí ìran náà lè lágbára, kí àwọ̀ ara rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ á nírun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fi wọ́n gun aláìnírun, nǹkan bí ìdajì ọmọ tó bá tẹ̀lé e ni kò ní nírun. Skinny pig ni wọ́n sọ ìran tó jáde níbẹ̀.

Irú aláìnírun kejì, Baldwin, kò bá yàrá ìwádìí tan. Ọwọ́ olùsìn kan ní San Diego, ní California, ló ti jáde. Tirun-tirun ni wọ́n ń bí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, irun á bẹ̀rẹ̀ sí í re láti imú lọ sẹ́yìn, títí ara á fi wà ní ìhòòhò ní nǹkan bí oṣù méjì. Bí skinny pig àti Baldwin bá gun ara wọn, gbogbo ọmọ wọn ló máa ń nírun, nítorí pé àbùdá kan náà kọ́ ló mú kí wọ́n má nírun.

Sísin wọn gba ìtọ́jú. Ooru tètè ń kúrò lára wọn, nítorí náà wọ́n ń jẹun ju onírun lọ, inú ilé tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Oòrùn lè jó awọ wọn, igi ṣákaṣàka tàbí eyín ẹlẹgbẹ́ wọn sì lè ya á.

Èyí ló fa awuyewuye. Òfin ààbò ẹranko ní Jámánì kọ̀ kí ènìyàn máa mú kí ẹran bí ọmọ tí àbùdá rẹ̀ á mú kí ẹ̀yà ara kan sọnù tàbí kó má wúlò, tí ìyẹn á sì fi ìyà jẹ ẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn aláìnírun ń fèsì pé bó bá ti rí ooru àti oúnjẹ tó, kò sóhun tó ń ṣe é. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, àmọ́ ẹran tí kò lè la òtútù òkè tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti wá já, ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín nìkan ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ American Rabbit Breeders Association, tó ń ṣètò ìdíje ẹmọ́ òyìnbó, fọwọ́ sí irú 13. Kò sí aláìnírun kankan nínú wọn.