Ọ̀dà Olómi ní Èkó Akéte

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ti Ìsàlẹ̀ Èkó ń lọ sí Ìkòyí kò lè ṣàìkọjá omi, nítorí odò àfọwọ́gbẹ́ tí William MacGregor, oníṣègùn tí ó di gómìnà Èkó ní 1899, ní kí a gbẹ́, kí omi irà lè rí ibi ṣàn gbà, kí ẹ̀fọn sì dínkù, ni ó pààlà láàárín wọn. Wọ́n ti dí odò náà, ọ̀nà ọkọ̀ ti gba orí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ayàwòrán, ta ni yóò fi òjìji ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ han ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà?

Ọ̀dà tí a fi omi pò ni ó yẹ irú omi bẹ́ẹ̀ jù. Ayàwòrán a fi omi rin ìwé rẹ̀, a gbé e dàgẹ̀rẹ̀, a fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ fa àwọ̀ sánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá sísàlẹ̀, a sì dúró kí ó gbẹ kí ó tó fi òmíràn lé e. Lákòókò ọyẹ́, èyí kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà òjò l'Ékòó, sùúrù a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Funfun ìgbòkun, ìwé fúnra rẹ̀ ni, ọ̀dà kò gbọdọ̀ kàn án. Òjìji ọkọ̀ ńkọ́? Kí ìwé tó gbẹ tán ni a ń fà á, kí etí rẹ̀ lè yọ́ wọnú omi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe omi ni Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, fi ọ̀dà yìí yà ní 1906, bí kò ṣe Arábìnrin Spencer Savage. N kò bá a wí: ó ní láti já irọ́ àwọn tí ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya àwòrán tí ó jọ ènìyàn. Ó re Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó dé Paris, ó padà ní 1922, ó sì ń ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó láti kọ́ ọmọ, títí ìjọba fi gba ìmọ̀ràn rẹ̀ pé kí a mú olùkọ́ àwòrán wá láti òkè òkun, tí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Murray ni ayàwòrán Ben Enwonwu, tí a pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937, tí ó sì papòdà ní Ìkòyí ní 1994.

Murray yìí náà ni ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan l'Ékòó, tí a ṣí ní 1957, sílẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ sí àwòrán ọ̀dà olómi, nítorí oòrùn a máa ṣá àwọ̀ rẹ̀, ọ̀rinrin ọ̀sà a sì máa hu funfun sí ìwé; kí ẹni tí ó bá jogún ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó má ṣe gbé e kọ́ sí ojú fèrèsé.