Ta Ló Ka Èrò Tó Gba Ẹnubodè Kọjá?

Orúkọ Ọ̀fàtẹ̀dó, nítòsí Òṣogbo, ti sọ ìtàn ara rẹ̀: àwọn ará Ọ̀fà ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ka orí èèyàn. Láyé ìgbà tí ìlú ń mọ odi, oníbodè ló wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, owó ẹyọ ni wọ́n sì ń san: ogójì lórí okùn kan, ẹgbàá mẹ́wàá nínú ọ̀kẹ́ kan. Tílẹ̀ bá ti ṣú, owó tó wà nílẹ̀ ló máa sọ bí èrò ṣe pọ̀ tó. Kò sọ ẹni tó kọjá o. Iye lọ́tọ̀, àkọsílẹ̀ lọ́tọ̀.

Oníbodè ni firewall orí server náà, ìyàtọ̀ méjì yìí ló sì ń bá kiri.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 1986, ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California, ìṣirò owó ìlò kọ̀ǹpútà wọn kò bára mu. Sẹ́ǹtì 75 péré ló kù! Clifford Stoll, onímọ̀ ìràwọ̀, ni wọ́n ní kó wá a rí. Ẹlòmíràn ì bá fi owó ara rẹ̀ dí i, kó máa lọ sílé. Stoll kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ àwọn okùn tó wọlé, gbogbo ohun tí àlejò náà bá tẹ̀ ń jáde sórí bébà, àlejò ò sì lè ti òkèèrè pa bébà rẹ́. Markus Hess ni, láti Hannover ní Jámánì, tó ń jí ìsọfúnni tà fún KGB. Iye ló ta wọ́n lólobó. Àkọsílẹ̀ ló mú olè.

Nígbà tí iptables dé pẹ̀lú Linux 2.4 ní 2001, òfin kọ̀ọ̀kan ní òǹkà méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè: ti pákẹ́ẹ̀tì àti ti báìtì. Ẹ tẹ `iptables -L -v -n`, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n inú mẹ́mórì ló ń gbé. Tí iná bá lọ (a kúkú mọ iná wa), òdo ló padà sí, àfi tí ẹ bá ti fi `iptables-save -c` tọ́jú rẹ̀. nftables tó dé ní 2014 kì í ka ohunkóhun àyàfi tí ẹ bá kọ `counter` sínú òfin náà. Lójú tiwa, ìyẹn burú díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

LOG ní tirẹ̀ kì í dá èrò dúró. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jẹ́ kó máa lọ bá òfin tó kàn. Ìdí nìyí tó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú DROP. Ẹ fi `limit` sí i pẹ̀lú, kí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lọ́nà ẹgbẹ̀rún má baà fi ariwo kún dísìkì yín.

Òfin Nàìjíríà ti 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí àwọn tó ń pèsè iṣẹ́ náà tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìnnà fún ọdún 2. Ti 2023, lórí ààbò ìsọfúnni ẹni, ní kí a má tọ́jú ìsọfúnni èèyàn kọjá ìgbà tó wúlò. Àdírẹ́sì èèyàn gidi ló wà nínú fáìlì yẹn. Ẹ wo `/var/log` lórí server yín lónìí, kí ẹ rí ẹni tó lè kà á.