Ẹ̀jẹ̀ Asibi

Ní Ìṣẹ̀rí-Olófin tí mò ń gbé, bí ara ọmọ bá ti gbóná, ibà ni. A ó se àgbo, a ó ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin ni àbúrò mi fi lo oògùn ibà kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kòkòrò mìíràn ni wọ́n bá níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn bí àwọn dókítà ṣe ń bi ẹ̀jẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ìtàn náà gbé mi dé Yábàá. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ti ń wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Noguchi, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ti sọ pé bakitéríà ni, ọ̀pọ̀ sì gbà á gbọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, Dókítà Mahaffy gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ní Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àìsàn Asibi kò le, ó sì gbádùn. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ Íńdíà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí lára kú.

Dókítà Adrian Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá sẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó jò sísàlẹ̀ ṣì ń pa ọ̀bọ. Fáírọ́ọ̀sì ni, Noguchi ti ṣì í. Wọ́n tún rí i pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ṣàìsàn náà rí, tó sì yè é, ń dáàbò bo ọ̀bọ. Ní tèmi, èyí ló ga jù: ẹ̀jẹ̀ máa ń rántí. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n mọ ibi tí àrùn náà ti jà rí, ìbáà má sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Stokes kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi wá sí Accra láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àrùn kan náà pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Àwọn méjèèjì wà nínú ìwé dáadáa. Asibi tó ni ẹ̀jẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo yìí ni mo rí kà nípa rẹ̀.

Láti inú fáírọ́ọ̀sì tó wà lára Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Òun náà ni wọ́n gún fún àbúrò mi nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án.