Wúrà Dé, Òṣùwọ̀n Ò Bá A Dé



Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí láti Abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù méjì sílẹ̀ pé kí ó lọ tà á. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni mo lè gbọ́kàn lé nínú àwọn tó ń ra góòlù yìí? Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo ti dé. Àwọn méjèèjì ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, iye tí wọ́n pè ò sì jọra rárá." Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Èsì tí mo fún un nìyí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì mi pẹ́ kó tó jáde. Ìyàwó mi bọ́ ṣéènì ọrùn rẹ̀, ó ní kí n lọ tà á kí àbígbẹ̀yìn wa lè wọ yunifásítì. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì Abẹ́òkúta, ní Abúlé Ẹ̀gbá níbẹ̀, nígbà tí wọn ò tíì kọ́ afárá tí wọ́n ṣí ní 2017. Ọlọ́jà pè mí ní Dádì, ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi tútù. Ó gbé ṣéènì lé òṣùwọ̀n tó kọjú sí òun nìkan, ó ní gíráàmù 14 ni. Mo gba owó, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi yọ rìsíìtì àtijọ́ jáde látinú àpótí: gíráàmù 17. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ yín ní ìtàn òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà! Ìtìjú rẹ̀ dùn mí ju owó lọ, torí ohun tó yẹ kí n ṣe wà nínú ohun tí mo fi ń kọ́ yín.

Ẹ rántí àwọn Akan, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Lẹ́búlẹ́bú wúrà ni owó wọn, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fòpin sí níná rẹ̀ ní 1889. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹrù tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní futuo: òṣùwọ̀n kékeré, ṣíbí, asẹ́, àti àwọn ọmọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi idẹ dà ní àwòrán ẹyẹ, ẹja àti ọ̀ọ̀nì. Fún ìwọ̀n tó kéré jù, wóró ojú ológbò, èyí pupa tó ní ojú dúdú yẹn, ni wọ́n ń lò. Tí ẹni méjì bá fẹ́ ná ọjà, ẹni tó ń sanwó á wọ̀n ọ́n, ẹni tó ń gbà á náà á fi tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí kò bá dọ́gba, wọ́n á jọ fà á títí yóò fi yanjú. Kò sí ẹni tó ń bínú pé "ṣé o fojú olè wò mí ni?"

Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ni òṣùwọ̀n ló ni ọjà. Thomas Bowdich, tó dé Kùmásí ní 1817, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ òṣùwọ̀n ọba fi ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo ju ti ará ìlú lọ. Ẹni tó bá ń sanwó fún ààfin, wúrà tirẹ̀ ló ń pọ̀ sí i nìyẹn. Ìwọ̀n nìkan sì kọ́. Willem Bosman, ará Họ́láńdì tó ṣiṣẹ́ ní Elmina, tẹ ìwé jáde ní 1704. Ó sọ nípa èyí tí wúrà bò lójú tí bàbà sì wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó fún àwọn ará rẹ̀ kò le: ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ gé e sí méjì.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Idẹ, iyùn àti sẹ̀gi ni ògo àwọn baba wa. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lóòótọ́. Ní 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ ti Segilola dà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n a kò fi wúrà ná ọjà bíi ti àwọn Akan, nítorí náà kò sí futuo nínú ogún tí a jẹ. Nígbà tí àwọn Àlhájà bẹ̀rẹ̀ sí í kó góòlù bọ̀ láti Mẹ́kà, ènìyàn la gbà gbọ́. Àlhájà ń bá wa gbé ládùúgbò, díẹ̀díẹ̀ la ń sanwó rẹ̀. Tó bá rẹ́ wa jẹ, a mọ ilé rẹ̀, a mọ mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ilé ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì lọ́dún tó kọjá? Àdúgbò ti yí padà, àwa ṣì ń wá ojú rere kiri.

Mo wá sọ fún ọmọ mi pé: má wá olóòótọ́, wá ẹni tó máa jẹ́ kí o wọ̀n ọ́n. Ra òṣùwọ̀n kékeré tìrẹ, kí o wọn ẹ̀gbà náà nílé. Wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Káráàtì 24 ni ògidì. 875 jẹ́ 21, 750 jẹ́ 18. Ẹ̀gbà káráàtì 18 tó wọn gíráàmù 20, wúrà 15 ló wà nínú rẹ̀, ìyókù jẹ́ irin mìíràn. Ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà èké, nítorí náà kí wọ́n fi ha òkúta dúdú, kí wọ́n kán ásíìdì sí i lójú rẹ. Béèrè iye gíráàmù kan kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Má jẹ́ kí ẹ̀gbà wọ yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá bínú, kí i pé ó dàbọ̀.

Ó pè mí padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yọ òṣùwọ̀n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ní òun ò rà mọ́. Ní ìkejì, obìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó yí ojú òṣùwọ̀n tirẹ̀ síta, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ó bá ti ilé mu. Ẹ̀gbà kan ṣoṣo ló tó owó iṣẹ́ abẹ. Ìkejì padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ṣéènì ìyàwó mi kò padà, kò sì tíì bi mí nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí i létí, ó ní kí n má gbàgbé láti kọ gíráàmù 17 náà síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́.