Òjò Kò Bá Ẹnì Kan Ṣọ̀rẹ́, Àmọ́ Ìkìlọ̀ Ní Ọ̀rẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo dúró ní èbúté kékeré kan létí adágún Kainji, mo fẹ́ sọdá sí òdìkejì. Àwa èrò ti tó ogún. Àpò ọkà àti ewúrẹ́ mẹ́ta ti wà nínú ọkọ̀. Atukọ̀ wa, àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba, kọ̀ jálẹ̀, kò tan ẹ́ńjìnnì. Oòrùn ń ràn, omi náà tẹ́ rọrọ bíi dígí. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan ní ọjà òun máa bàjẹ́. Baba kò dá a lóhùn, ó kàn nawọ́ sí ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run. Mo fi Hausa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bi í léèrè pé, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjò nìyẹn?" Ó ní, "Ọmọ mi, òjò ń bọ̀ lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ló ṣíwájú. Afẹ́fẹ́ ló ń pa èèyàn."

Kò tó wákàtí kan tí eruku fi bo ojú ọ̀run, tí ìgbì sì ń na èbúté bí ẹni ń na ìlù. Gbogbo wa há sábẹ́ òrùlé páànù kan. Ọkùnrin tó ń kánjú lọ sọ́jà yẹn ló kọ́kọ́ ra obì fún Baba.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo wà nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Àbújá, mo ń lọ sí Èkó. Awakọ̀ kéde pé ìjì wà lójú ọ̀nà, a ó dúró díẹ̀. Kò fi ojú ara rẹ̀ rí ìjì náà. Àwọn kan ló ti rí i fún un, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ti fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ kí ó tó jókòó. Àsìkò kan náà ni, irú ìjì kan náà ni. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní gbogbo ẹ̀rọ ayé lẹ́yìn, èkejì ní ojú rẹ̀ nìkan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìtàn ló ni ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí Baba rí. Àwọn Hausa ní orúkọ fún àsìkò náà: bazara, ìgbà ooru tó wà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Àwa Yorùbá máa ń retí àkọ́rọ̀ òjò nígbà náà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà àti afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin láti orí òkun máa ń pàdé lórí ilẹ̀ wa. Ibi ìpàdé wọn kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kìíní, ó wà nítòsí etí òkun. Ní oṣù kẹjọ, ó ti gòkè dé etí Sàhárà. Bí ó ti ń gòkè lọ ní oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ìkùukùu máa ń tò ní ìlà tó lè gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, á sì máa rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Díẹ̀ nínú òjò tó ń rọ̀ máa ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ilẹ̀. Èyí máa ń sọ afẹ́fẹ́ náà di tútù, á wúwo, á ya lulẹ̀, á sì tú ká níwájú òjò. Ohun tó ń bọ̀ níwájú tí Baba sọ nìyẹn.

Àwọn atukọ̀ òyìnbó tó wá sí etíkun wa láyé àtijọ́ mọ ìjì yìí dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀. Tornado ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ kì í ṣe tìtorí ọkọ̀ ojú omi ni ìjọba amúnisìn fi gbé iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ dìde ní ilẹ̀ wa. Tìtorí ọkọ̀ òfuurufú ni. Ní ọdún 1936, Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà láti Khartoum wá sí Kano. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá iṣẹ́ ojú ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ogun Àgbáyé Kejì ló wá sọ iṣẹ́ náà di dandan. Láti ọdún 1940, wọ́n ń kó ọkọ̀ òfuurufú ogun nínú àpótí wá sí Takoradi ní Gold Coast, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wà wọ́n gba Èkó, Kano, Maiduguri àti Fort-Lamy kọjá títí dé Káírò. Awakọ̀ tó bá pàdé ìlà ìkùukùu náà láìmọ̀ lè má dé. Ní ọdún 1945, àwọn onímọ̀ méjì, Hamilton àti Archbold, gbé ìwádìí kan jáde lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, wọ́n ṣàlàyé bí àwọn ìjì onílà yìí ṣe ń rìn. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ wọn.

Ìmọ̀ náà kò tètè tó. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1956, ọkọ̀ BOAC kan gbéra ní Kano nínú ìjì. Afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, ọkọ̀ já lulẹ̀, èèyàn 32 nínú 45 sì kú. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, ọkọ̀ ADC gbéra ní Àbújá nígbà tí ojú ọjọ́ ti burú. Èèyàn 9 péré ló yè nínú àwọn 105 tó wà nínú rẹ̀. Sultan Sokoto, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Ìwádìí ìjọba sọ pé kò yẹ kí awakọ̀ náà gbéra nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló dìde. Bí ikú bá mú ẹni ńlá, òfin máa ń jí.

Àgbẹ̀ ló tẹ̀ lé awakọ̀ òfuurufú, ebi ló sì mú un wọlé. Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní Sahel ní ọdún 1968 pa màlúù, ó pa èèyàn, ó tú abúlé ká. Ní ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè tó fara gbá a dá CILSS sílẹ̀; ọdún kejì ni wọ́n dá AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey. Ní ọdún 1982, Mali bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó wú mi lórí: wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ ní ohun ìwọn òjò, wọ́n sì ń fi rédíò bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn nípa ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbin ọkà. Láti ọdún 1998 ni àwọn onímọ̀ agbègbè wa sì ti ń pàdé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, láti sọ bí ọdún ṣe máa rí.

Àwọn ará adágún wá ńkọ́? Ìjọba ló ṣẹ̀dá adágún fún wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, Kwame Nkrumah ṣí dáàmù Akosombo. Omi rẹ̀ gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 8,500 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì lé nǹkan bí 80,000 èèyàn kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ igi ni wọn kò gé kí omi tó bò wọ́n. Kùkùté wọn ń fọ́ ọkọ̀ títí dòní. Ní Nàìjíríà, wọ́n parí Kainji ní ọdún 1968, Bussa àtijọ́ sì wọ inú omi lọ. Àwọn tó ń gbé erékùṣù àti etí odò Ọya mọ odò wọn bí ẹni mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Àmọ́ adágún kì í ṣe odò. Nínú odò, bí ìjì bá dé, èbúté kò jìnnà. Lórí omi tó fẹ̀ lọ bí òkun, afẹ́fẹ́ ní àyè láti sáré, ìgbì á dìde, ilẹ̀ á sì jìnnà. Wọ́n ka iná mànàmáná tí dáàmù máa mú wá, wọ́n ka iye ilé tí wọ́n máa kọ́. Èmi kò rí i kà níbì kankan pé ẹnì kan jókòó ro bí ìkìlọ̀ ìjì ṣe máa dé ọ̀dọ̀ atukọ̀.

Àwọn kan á sọ pé kì í ṣe ìjì ló ń pa èèyàn jù lórí omi wa, àpọ̀jù ẹrù ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Warrah ní ìpínlẹ̀ Kebbi fọ́ mọ́ èrò tó lé ní 150 lórí, ẹrù àti èrò rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí ẹni tó ní kí a fi ojú ọjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà lè bàjẹ́. Òfin àgbáyé tó tẹ̀yìn àdéhùn Chicago ọdún 1944 jáde ń bójú tó méjèèjì. Ọkọ̀ tó kún jù náà sì ni ìgbì kékeré lè dà nù.

Àwọn mìíràn á ní àsọtẹ́lẹ̀ kò lè sọ ibi tí ìjì máa bọ́ sí gan-an. Èyí náà jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, ìjì tó kọjá Kaduna lọ́sàn-án, bí kò bá kú sójú ọ̀nà, alẹ́ ni yóò dé Kainji. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ báyìí. Lórí adágún Victoria ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, láàárín ọdún 2017 sí 2021, àwọn iṣẹ́ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè tó yí omi náà ká para pọ̀ nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní HIGHWAY, wọ́n sì ń gbé ìkìlọ̀ jáde fún àwọn apẹja. Kò gba iṣẹ́ ìyanu.

Mi ò ní kí wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sétí adágún. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ̀rọ̀ ìjì fún èbúté kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, láti oṣù kẹta kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Kí àsíá pupa kan wà lórí igi tí gbogbo èrò lè rí. Kí atukọ̀ tó bá kọ̀ láti gbéra ní ohun tó máa tọ́ka sí yàtọ̀ sí ojú ara rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo atukọ̀ ló lágbára láti kọ owó èrò ogún bíi Baba.

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ìkìlọ̀ ni àwa fúnra wa fún ní ọ̀rẹ́: awakọ̀ òfuurufú kọ́kọ́, àgbẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí àwọn tó wà lórí omi ti ń dúró ní èbúté, tí wọ́n ń wo ìlà-oòrùn.