Wejherowo: Ìlú Tí Ẹ̀jẹ́ Tẹ̀ Dó

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀ lónìí. Ní àríwá ilẹ̀ Póláǹdì, nítòsí Òkun Baltic, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Wejherowo. Àwọn Kaṣúbù, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ń pè é ní Wejrowò. Kaṣúbù kì í ṣe Jámánì o. Èdè wọn àti èdè Póláǹdì jẹ́ ìbátan, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ogun ló bí ìlú náà. Ní 1634, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Jakub Wejher ń bá àwọn ará Rọ́ṣíà jà fún ọba Póláǹdì. Níbi tí wọ́n ti gbógun ti odi Biała, àwókù wó bò ó mọ́lẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá yọ, òun á kọ́ sọ́ọ̀ṣì fún Mẹ́talọ́kan àti fún Fransísì Mímọ́ ti Assisi. Ó yọ lóòótọ́. Ní 1643 ó tẹ ìlú dó nítorí ẹ̀jẹ́ náà, nígbà tó sì di 1650, ọba fọwọ́ sí i pé ìlú ni. Ilẹ̀ Jámánì ni ìdílé Wejher ti ṣẹ̀ wá. Àlejò, ká sọ tòótọ́, ló kọ́ ohun tí àwọn Kaṣúbù ń pè ní tiwọn jù lọ.

Ohun náà ni àwọn òkè inú igbó tó wà létí ìlú. Láti 1649 ni Wejher ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àdúrà kéékèèké síbẹ̀, kí ọ̀nà ibẹ̀ lè jọ èyí tí Jésù gbà lọ sí Kalfari. Ìtàn sọ pé wọ́n ka ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ilé kan sí èkejì kó lè bá ti Jerúsálẹ́mù mu, wọ́n sì bu erùpẹ̀ Jerúsálẹ́mù wá síbẹ̀. Ilé àdúrà 26 ló wà níbẹ̀ lónìí. Àgbẹ̀ tàbí apẹja tí kò lówó ọkọ̀ ojú omi lè rìn ín já láàárín ọjọ́ kan, kó sì padà sílé lọ jẹun.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ìgbà ọdún ni kẹ́ ẹ lọ. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Oliwa, lẹ́bàá Gdańsk. Ìjọ kọ̀ọ̀kan á gbé àwòrán mímọ́ tirẹ̀ wá nínú férémù ńlá onígi, lórí èjìká. Tí wọ́n bá dé, àwọn tó gbé e á tẹ férémù náà wálẹ̀, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á yí i sọ́tùn-ún sósì, tí ìlù àti fèrè á máa lọ. Àwòrán ń kúnlẹ̀ kí àwòrán! Mo mọ àwọn kan tó máa sọ pé ìbọ̀rìṣà nìyẹn. Ní tèmi, ijó ni, ijó tó mọ́gbọ́n dání sì ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: èdè wo ni wọ́n fi ń kọrin lórí òkè yẹn? Látìn ni ti àlùfáà, èdè Póláǹdì sì ni ti orin. Ní 1772 Prussia gba ilẹ̀ náà, ìlú di Neustadt, Jámánì sì wọ ilé-ìwé. Ẹ̀sìn Kátólíìkì ni kò jẹ́ kí Kaṣúbù di Jámánì, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kan náà fi èdè wọn sílẹ̀ sí ìdí ààrò àti inú ọkọ̀ apẹja. Ó gba èèyàn là, kò gba ahọ́n wọn.

Dókítà kan, Florian Ceynowa (1817–1881), ló kọ́kọ́ mú èdè náà wọ ìwé. Prussia ti dájọ́ ikú fún un rí nítorí ọ̀tẹ̀ 1846, ìyípadà ìjọba 1848 ló tú u sílẹ̀. Ní 1879 ó tẹ ìwé gírámà Kaṣúbù jáde.

Lẹ́yìn náà ni Nazi dé. Láti ìgbà tí 1939 ń parí lọ títí wọ 1940, wọ́n pa èèyàn bí 12,000 sí 14,000 nínú igbó Piaśnica, tí kò jìnnà sí ìlú: tíṣà, àlùfáà, òṣìṣẹ́ ìjọba, títí kan àwọn aláìsàn ọpọlọ. Alicja Kotowska, sístà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Wejherowo, wà nínú wọn. Pópù John Paul Kejì sọ ọ́ di alábùkún ní 1999. Ẹ wo irú àwọn tí wọ́n ṣà jọ: àwọn tó lè kọ̀wé, àwọn tó lè kọ́ ọmọ.

Ọdún 1993 ni Májẹ̀mú Tuntun tó wà ní èdè Kaṣúbù, iṣẹ́ Eugeniusz Gołąbk, jáde. Ní 2001, Adam Sikora, àlùfáà ẹgbẹ́ Fransísì, túmọ̀ Ìhìnrere Máàkù tààrà láti èdè Gíríìkì. Ẹgbẹ́ Fransísì yìí kan náà ni Wejher mú wá ṣọ́ òkè rẹ̀, ó sì lé ní 300 ọdún sẹ́yìn! Òfin Póláǹdì fọwọ́ sí èdè náà ní 2005. Síbẹ̀, nínú ètò ìkànìyàn 2011, bí 108,000 ló ní àwọn ń sọ ọ́ nílé. Ní 2021, wọn ò tó 90,000 mọ́.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwé àti orin Kaṣúbù wà nínú ààfin àtijọ́ kan nílùú náà. Ẹ yà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun òkè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà wọn: ã, é, ë, ò, ô, ù. Àwa tá à ń sá fún àmì ohùn nínú ìdánwò, ẹ kà á dáadáa.